Ohun tí ipò sọ èmi àti alága wa dà

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, ojú ló ń tì mí. Tíṣà ni mí, Government ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì láti ogún ọdún ó lé, mo sì tún ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa fún ọdún méje. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè o. Èmi àti alága wa, kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ nínú wa, ìwé ẹ̀ wà nílẹ̀ títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, torí ká ní olè la jà, ǹ bá mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ǹ bá lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni mo ṣìnà. Tiwa ò ní ọjọ́ kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àlàyé tó dáa.

Apá Ìbàfo sí Mówè là ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí àwọn tí owó ilé Èkó ti wọ̀ lọ́rùn ń sá wá. Ọdún 2009 la kó wọlé wa, a ò tíì rẹ́ ilé náà, fèrèsé méjì péré ló ní gíláàsì, ọ̀rá la fi dí ìyókù. Sítíríìtì márùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kálukú ló ní alága tiẹ̀, kálukú ló ní àpò tiẹ̀, kálukú ló sì ní ìjà tiẹ̀. Tiransifọ́mà kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń fa iná lára ẹ̀, kékeré ni, ìgbà tí ilé ò tíì ju ọgbọ̀n lọ ni wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Tó bá di alẹ́ Sunday tí kálukú ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ, ẹ kàn máa gbọ́ gbòà! òkùnkùn ti ṣú nìyẹn. Sítíríìtì kejì á lọ yọ wáyà sítíríìtì kẹrin lóru kí tiwọn lè dúró, àwọn ti kẹrin náà á jí láàárọ̀ wọ́n á mú igi dání. Mo ti rí ibi tí bàbá méjì tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ti gbá ara wọn lọ́rùn aṣọ mú nítorí fúùsì.

Ọdún 2014 lèmi àti bàbá tó wá di alága wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti fẹ̀yìntì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà kan a rán wọn lọ sí Alábà lọ ra kéébù, ẹni tó tajà fún wọn yọ 15,000 náírà sọ́tọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n fi mu nǹkan lọ́nà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá wá ra ọjà ẹgbẹ́. Bàbá gbé owó náà dé mítìǹgì, wọ́n kó o lé tábìlì, wọ́n ní "wọ́n fún mi ní èyí, tiyín ni." Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń wo ara wọn lójú. Èmi, ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé tó bá jẹ́ irú bàbá yìí ló wà nípò ní Nàìjíríà ni, ibi tá a wà kọ́ la ò bá wà.

Ohun tá a sọ fáwọn èèyàn ò ju pé ẹ jẹ́ ká para pọ̀ lọ, ẹgbẹ́ kan, akáǹtì kan, rẹ́jísítà kan, kí ìjà lè tán kí a lè ra tiransifọ́mà tó tó wa lò. A dẹ̀ ṣèlérí. Èèyàn márùn-ún láti sítíríìtì márààrún ló máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báǹkì. Lópin oṣù, gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì àbáwọlé kí ọmọ kékeré pàápàá lè kà á. Mo fẹ́ràn káàdìbọ́ọ̀dù yẹn. Máàkà pupa ni mo fi ń kọ owó tó jáde, búlúù ni mo fi ń kọ èyí tó wọlé.

Ilé 112 ni mo kọ sínú rẹ́jísítà, a bu 45,000 náírà lé ilé kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó jẹ́ 5,040,000, ohun tó wọlé nígbà tó fi di oṣù kẹjọ ọdún 2015 jẹ́ 4,615,000. A fi ra tiransifọ́mà 500kVA, a ra òpó, a ra kéébù, a san owó àwọn tó gbé e kalẹ̀. Alẹ́ tí iná wọlé, mi ò lè gbàgbé. Àwọn ìyá bọ́ síta pẹ̀lú ìró láyà, wọ́n ń jó láàárín títì, ẹnì kan gbé sípíkà síta, àwọn ọmọ ń tan iná ilé wọ́n ń pa á, wọ́n tún ń tàn án. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń dì mọ́ wa. "Tíṣà, ọpẹ́lọpẹ́ yín. Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa."

Tí mo bá ro ó dáadáa báyìí, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyìn burú o. Àmọ́ àtọjọ́ yẹn ni èmi àti bàbá ti gbà lọ́kàn pé àwa méjì la gbé iná wọ àdúgbò, pé tá a bá yẹsẹ̀ báyìí àwọn èèyàn náà á tún padà sídìí fúùsì wọn.

Nǹkan tó tẹ̀ lé e yá kíákíá. Sítíríìtì kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó sẹ́kírítì ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọlọ́dẹ tiwọn, kọ́kọ́rọ́ tiwọn. A ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wá sí akáǹtì kan, torí sítíríìtì karùn-ún kì í san owó ọlọ́dẹ bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni, wọn kì í san án. A gba owó táwọn tó ń kọ́lé tuntun ń san náà. A gba ti gọ́tà. Àwọn alága sítíríìtì wá di ẹni tí à ń rán níṣẹ́, wọ́n á kàn máa pín ìwé tí mo bá tẹ̀ káàkiri. Bàbá tó ń buwọ́ lùwé fún sítíríìtì kẹrin máa ń pẹ́ dé báǹkì torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, a yọ wọ́n kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ti sítíríìtì kìíní lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Kánádà, a ò fi ẹlòmíì rọ́pò. Ká tó mọ̀, èèyàn méjì ló kù tó ń buwọ́ lùwé, èmi àti alága.

Káàdìbọ́ọ̀dù ńkọ́? Oṣooṣù ló ń jáde tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí mo ní ìwé ìdánwò tí mò ń mákì. Lẹ́yìn náà mo ní ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá sílé wá wo fáìlì. Kò sẹ́ni tó wá. Èmi dẹ̀ sọ fún ara mi pé wọ́n fọkàn tán wa ni.

Ìdìbò yẹ kó wáyé lọ́dún 2018. Èmi ni mo kọ lẹ́tà pé ká sún un síwájú, bọ̀hóòlù tí à ń gbẹ́ ò tíì parí, ta ló máa mọ ibi tá a bá iṣẹ́ dé? Lọ́dún 2019, omi ti jáde, a ní ó ku táǹkì. 2020, kòrónà dé, kò sí mítìǹgì mọ́, WhatsApp la wá fi ń ṣèjọba, alága nìkan àti èmi la lè kọ nǹkan síbẹ̀, àwọn tó kù á kàn máa kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà ti yí. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti kọjá ni mo tó fura sí èyí. Nígbà tá à ń rìn ojúlé sí ojúlé, "a" là ń sọ: a máa rà á, a máa jà fún un. Nígbà tó fi máa di 2019, "àwọn èèyàn wọ̀nyí" ló kù lẹ́nu alága. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, tá a bá fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á bà á jẹ́. Bàbá tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú vọ́kánásà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè jọ rojọ́, wọ́n ti ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí wọn kọ́kọ́ bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Èmi ni Tíṣà. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ti ẹja ṣẹlẹ̀. Èmi àti alága ti gbé òfin kan jáde pé ilé tó bá jẹ gbèsè owó sẹ́kírítì oṣù méjì, ẹlẹ́tíríìkì máa lọ yọ wáyà wọn. Oṣù kan jẹ́ 3,500 náírà. Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń ta ẹja tútù ní sítíríìtì kẹta, ayálégbé ni, lándílọ́ọ̀dù ẹ̀ ló jẹ 7,000 náírà, òun ti san tiẹ̀ fún lándílọ́ọ̀dù. Bàbá ẹ̀ kú, ó lọ sìnkú fún ọjọ́ mẹ́rin, a yọ wáyà nígbà tí ò sí nílé. Kátọ́ọ̀nù títọ́ọ̀sì méjì àti ṣáwá kan ló wà nínú firísà.

Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ mo gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ó gbé báàfù sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn mi. Kò bú mi. Ó ní "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ ma. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọmọ mi ní SS1. Ẹ ẹ̀ bá ti pè mí." Òórùn yẹn ti wọnú pálọ̀ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní "Òfin ẹgbẹ́ ni, lándílọ́ọ̀dù ẹ ni kó o lọ bá." Mo dẹ̀ tilẹ̀kùn. Èmi tí mo sunkún pẹ̀lú obìnrin yìí kan náà lálẹ́ tí iná wọlé.

Mo lọ síléèwé, mo padà dé, mo jókòó ti ìwé ìdánwò tí mò ń mákì fún SS2. Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ nípa ẹ̀. Ọmọ méjìlélógójì ló jókòó ṣe é, gbogbo wọn ló kọ nóòtì tí mo fún wọn sílẹ̀ bó ṣe rí: pé Aláàfin ò lè dá ṣe bó ṣe wù ú, pé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà níbẹ̀, Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápinni, Lágùnnà, Akíníkú àti Aṣípa, pé tí Aláàfin bá kọjá àyè ẹ̀, wọ́n á gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó ti mọ̀ pé ikú ló kàn nìyẹn. Ọmọ kan ya igbá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀. Mo wo igbá, mo rántí báàfù. Mi ò lè mákì mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ibi tí mi ò kì í kọ́ wọn dáadáa ni ti Gáà. Mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀, torí ìbéèrè WAEC kì í débẹ̀ jìnnà. Baṣọ̀run ni Gáà, láti 1754 títí di 1774, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti dá Aláàfin dúró. Ohun tí Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá, kọ sínú ìwé ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn Gáà níbẹ̀rẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sá sí, torí ìkà àwọn ọba ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ ò rí nǹkan! Olùgbèjà ni. Ó lo agbára yẹn, ó tún un lò, ọba ń tẹ̀ lé ọba, Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé, títí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Gáà ló wà káàkiri ìlú tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, kọ́bọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ Aláàfin mọ́. Aláàfin Abíọ́dún pẹ̀lú Ọyabí, Kakaǹfò, olórí ogun tó wà ní Ajáṣẹ́, ni apá wọn tó ká a. "Bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́", àtikékeré la ti ń sọ ọ́, àmọ́ ikú ẹ̀ nìkan là ń rántí. Ìgbà tó ṣì jẹ́ èèyàn dáadáa ni mo ń wá báyìí. Ọjọ́ wo ló ń gbèjà ará ìlú gbẹ̀yìn? Mi ò rò pé òun gan-an mọ̀.

Mo tún wo ti Nàìjíríà wa yìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí orin. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1966, Ironsi, ọ̀gá ológun tó ń ṣèjọba nígbà yẹn, gbé òfin Decree 34 jáde, ó pa àwọn region rẹ́, ó ní kí ìlú lè wà ní ọ̀kan, kí ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lè tán. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n ti pa á nítòsí Ìbàdàn. Àwọn tó gbàjọba lẹ́yìn ẹ̀ wọ́gi lé òfin náà lọ́dún yẹn gan-an, àwọn náà ló dẹ̀ kó agbára lọ sí àárín jù ú lọ láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Iná tá à ń jà sí pàápàá, ọdún 1972 ni wọ́n pa ECN, iléeṣẹ́ iná ìjọba, àti Niger Dams Authority pọ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di NEPA, kí iṣẹ́ lè yá. Àlàyé kan náà ni gbogbo wa ń ṣe: kí ìjà tán, kí iṣẹ́ yá. Òótọ́ dẹ̀ ni, ìjà máa ń tán lóòótọ́, iṣẹ́ máa ń yá fún sáà kan. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti kọ̀ ọ́ nìyẹn.

Mo san owó ẹja náà lápò ara mi, mo lọ bẹ Ìyá Ìbejì nílé ẹ̀. Ó gba owó, ó ní ó ti tán. Kò tíì tán lójú ẹ̀, mo rí i.

Ó wá gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó lè sọ̀rọ̀ síta. Ẹ má rò pé mo láyà. Mo kọ́kọ́ lọ bá alága nílé, mo ní bàbá, ẹ jẹ́ ká dá owó sẹ́kírítì padà fún àwọn sítíríìtì, ká fi tiransifọ́mà nìkan sílẹ̀ sí àárín, ká yan èèyàn márùn-ún padà tí wọ́n á máa buwọ́ lùwé. Wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká parí bọ̀hóòlù yìí ná." Mo ní bàbá, omi ti ń yọ láti 2019. Wọ́n wò mí bíi pé ọmọ tí wọ́n bí ló ń já wọn kulẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2021 la tó ṣe mítìǹgì gbogbogbòò, lábẹ́ tẹ́ǹtì, mo dìde mo ka gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ láti 2016, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, mo sọ èyí tí mo ṣe níbẹ̀. Ariwo ta. Nígbà tó rọlẹ̀, alága dìde. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní "Ṣé èmi lẹ̀ ń ṣe báyìí? Èmi tí mi ò jẹ kọ́bọ̀ yín rí?"

Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn, torí òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé tí mo ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọwọ́ mímọ́ tí wọ́n ní gan-an ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Àtìgbà tí wọ́n ti kó 15,000 náírà yẹn lé tábìlì ni wọ́n ti gbà pé ẹni tí ò jalè ò ní ẹjọ́ kankan tó máa rò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi náà ronú bẹ́ẹ̀. Níbi tí à ń ṣọ́, tí í ṣe owó, kò sí nǹkan tó sọnù. Etí wa ló dí, a ò dẹ̀ ṣọ́ ìyẹn.

A pín agbára padà. Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Sítíríìtì karùn-ún, bí wọ́n ṣe gba owó wọn padà báyìí, akápò wọn ná an, ọlọ́dẹ wọn sá lọ, olè wọ ilé méjì. Géètì sítíríìtì kejì ti já láti ọdún tó kọjá, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó máa pe wẹ́dà. Alága máa ń kọjá níbẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ń rò lọ́kàn, ọjọ́ mìíràn wà tí èmi náà máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ àwa ni, wákàtí méjì péré ló máa gbà. Ìdánwò yẹn ò tíì kúrò lára mi. Èmi àti bàbá máa ń kí ara wa, mo máa ń kúnlẹ̀, wọ́n máa ń dáhùn, àmọ́ wọn ò pè mí ní Tíṣà mọ́, "màdámù" ni wọ́n ń pè mí. Ó ń dùn mí gan-an. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn.

Àwọn sítíríìtì kẹta, tèmi, ti dá káàdìbọ́ọ̀dù padà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, èyí tí mo kọ́ ní SS1, ló ń kọ ọ́ báyìí, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Lóṣù tó kọjá mo dé láti ibi iṣẹ́, mo dúró kà á bí mo ṣe máa ń ṣe. Ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú máàkà pupa, wọ́n kọ àwọn tó jẹ gbèsè síbẹ̀. Ẹnì kẹrin ni mí: Tíṣà, ilé nọ́ńbà 9, oṣù kan, kò tíì san. Mo gbàgbé ni. Mo wọlé mú owó, mo lọ fún Ìyá Ìbejì nídìí igbá ẹja ẹ̀, ó kọ risíìtì fún mi, ó ní "ẹ ṣé ma."